Kámẹ́rà Tó Ń Dúró De Ẹ̀rín

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń sùn, ṣé ò ń jẹun yó? Ìlú ńlá tí o wà yẹn kò ní gbé ọ mì o, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀, ire ni yóò bá ọ níbẹ̀. Àwa náà ń bẹ láyé. Ewúrẹ́ wa ti bímọ, òrùlé ilé ìdáná tún ti ń jò, eyín bàbá rẹ tó ń mì ti já fúnra rẹ̀, wọ́n sì ń wò mí bíi pé èmi ni mo jí i.

Kámẹ́rà tí o ní ká rà, kí a lè ya gbogbo ilé pọ̀, a ti rà á. Èmi àti bàbá rẹ la jọ lọ. Obìnrin kan tó wọ gíláàsì ló ń tà á. Ó gbé ọ̀kan jáde, ó ní èyí lè fa ohun tó wà lókèèrè súnmọ́ni. Mo bi í pé tó bá fà á tán, ṣé ó máa ń dá a padà síbi tó ti mú un, torí mi ò fẹ́ kí n ya òkè kí òkè wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín, mo ní kó gbé e kúrò. Ó mú òmíràn wá, ó ní a máa ra mẹ́mórì rẹ̀ lọ́tọ̀, pé òun ló fi ń rántí nǹkan. Bàbá rẹ ní àwọn ò lè ra ohun tí kò ní ọpọlọ, torí àwọn ti ní èyí tó ń gbàgbé nílé. Èmi ni wọ́n ń bá wí o, ọmọ mi. Mo gbé e mì.

Èyí tí a wá rà kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Obìnrin náà ní bí òun ṣe tò ó yìí, kò ní ya wá àfi tí gbogbo wa bá rẹ́rìn-ín. Mo ní kó dì í fún mi, ohun tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni mò ń wá.

Àṣé wàhálà la gbé wálé. O ṣáà mọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, káfíńtà, tí wọ́n ń pè ní Baba Fajúro. Láti ọjọ́ tí ìyàwó wọn ti kú, kò sẹ́ni tó tún rí eyín wọn. Gbogbo wa jókòó sẹ́yìnkùlé, mo gbé kámẹ́rà sórí àpótí, mo tẹ̀ ẹ́, mo sáré lọ jókòó, a ṣí eyín sílẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan. Mo dìde, mo fi aṣọ nù ún lójú, mo bẹ̀ ẹ́ kó má dójú tì mí níwájú àwọn àna mi. Kò gbà. Àbúrò rẹ obìnrin ló ní ojú Baba Fajúro ló ń wò. Baba ní inú ni àwọn ti ń rẹ́rìn-ín. Mo lọ sọ fún kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, kò gbọ́.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń ro wá. Baba wá dìde, wọ́n ní ká ya ara wa, pé ẹni tí àwọn máa ń rẹ́rìn-ín fún ti lọ. Bàbá rẹ ní láéláé, àwọn ò ní ya fọ́tò tí ẹ̀gbọ́n àwọn ò sí nínú rẹ̀, wọ́n fa Baba padà, wọ́n sì fìbínú jókòó gbì sórí àga tí ẹ̀gbọ́n wọn fúnra wọn kàn fún wa. Ẹsẹ̀ àga dá! Bàbá rẹ fẹ̀yìn lọ sínú omi ọṣẹ tí mo fi ń fọṣọ, ẹsẹ̀ wọn ṣì wà lókè tí wọ́n ti ń pariwo pé irú káfíńtà radaràda wo ló kan àga yìí.

Ọmọ mi, Baba Fajúro bú sẹ́rìn-ín! Wọ́n di ìbàdí mú, omi ń dà lójú wọn, àwa náà bá wọn rín in. Kámẹ́rà náà ní kẹ́ṣẹ́, ó ya, ó tún ya. Kò sí bàbá rẹ nínú fọ́tò náà àfi àtẹ́lẹsẹ̀ wọn.

Lánàá Baba yá kámẹ́rà náà lọ sí yàrá wọn. Mo ń kọjá lójú fèrèsé, mo rí i tí wọ́n gbé e síwájú fọ́tò ìyàwó wọn tó wà lára ògiri, tí wọ́n ń ṣàlàyé fún ìyàwó wọn bí àbúrò wọn ṣe ṣubú. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.

Mo fẹ́ fi fọ́tò náà sínú lẹ́tà yìí, mo wá ẹnu ọ̀nà tó ń gbà jáde títí, mo gbọn kámẹ́rà bí ìgò oògùn, kò pọ ohun kankan. Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n gbé odidi rẹ̀ wá fún ọ, kí o sì fi owó ìpara tí bàbá rẹ máa fi pa ìbàdí lé e.

Ayé yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tí yóò máa bá ọ rẹ́rìn-ín kò ní jìnnà sí ọ láéláé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.