Iṣẹ́ Tí Mò Ń Fi Etí Ṣe

Nyanya, Abuja.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Gàníyátù,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Àwa níbí wà láàyè, a dúpẹ́, àmọ́ ó rẹ̀ mí, Àǹtí. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò.

Ẹ mọ̀ pé gùlókómà ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ojú mi. Ohun tí n kò ṣàlàyé fún yín rí ni bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí iléeṣẹ́ wa ní Garki ń kó gbogbo ìwé pamọ́ sí ni mò ń tọ́jú. Mo máa ń tẹ àṣẹ sí wọn ní ọ̀rọ̀, wọn á fi ọ̀rọ̀ dá mi lóhùn, ohùn kan nínú kọ̀ǹpútà á sì ka ìdáhùn náà sí mi létí. Kò gba ojú.

Lẹ́yìn Iléyá, ọ̀gá wa tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Festus, gbé ètò mìíràn dé. Àwòrán ni gbogbo rẹ̀: fi máòsì tẹ èyí, fa tọ̀hún. Ó dára fún ẹni tó ríran. Kódà àwọn tí àṣẹ títẹ̀ ń bà lẹ́rù ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ́tí sí i, "bọ́tìnì, bọ́tìnì, bọ́tìnì" nìkan ni ohùn náà ń wí. Kò sọ bọ́tìnì kí ni. Wọ́n sì ti ti ọ̀nà àtijọ́ pa.

Mo lọ bá ọ̀gá. Ó ní, "Alájì, n kò kórìíra yín. Nínú ètò yìí, gbogbo wa là ń rí ohun tẹ́nì kọ̀ọ̀kan ṣe. Ti yín, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n." Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Priscilla tó jókòó tì mí wá ń ka ojú kọ̀ǹpútà fún mi, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ń wọ́ nílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n lọ máa gba àlejò ní ẹ̀ka wa ní Kuje.

Priscilla ni kò gbà. Ó pe ọ̀gá wá sídìí tábìlì mi, ó pa iná ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣiṣẹ́ báyìí." Mo gbọ́ tí máòsì ń họ tábìlì. Kò pẹ́ tó fi máòsì sílẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ṣé bó ṣe ń rí fún yín nìyí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n ti ṣí ọ̀nà àṣẹ títẹ̀ fún mi padà, àmọ́ Priscilla gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àṣẹ kọ̀ọ̀kan kó tó ṣiṣẹ́. Ó dùn mí pé àgbà òṣìṣẹ́ bíi tèmi ń tọrọ àyè kó tó tẹ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ àná, Priscilla ní, "Alájì, ẹ dúró!" Fáìlì tí kò yẹ kí n fọwọ́ kàn ni mo fẹ́ẹ́ pa rẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Ó sàn ju Kuje lọ.

Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́.

Èmi ni àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí yín,
Àbdùlràhmọ̀n.

Àfikún: Etí ni mo fi yẹ lẹ́tà yìí wò. Bí àmì ohùn bá ṣì níbì kan, ẹ kà á bí ẹ ṣe mọ ohùn mi.