Orin Tí Kò Sí Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Yín

Bàbá mi àtàtà,

Wọ́n ti kó orin yín jọ. Kásẹ́ẹ̀tì méjì nínú páálí kan, wọ́n ní gbogbo orin tí ẹ dá kọ láti ìgbà tí ẹ ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni títí ẹ fi kú. Ó ń dún kíkankíkan ní Ọjà Balógun báyìí, láàárín bàtà àti léèsì. Ṣé ó yà yín lẹ́nu? Nígbà tí ẹ wà láyé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń gbé kásẹ́ẹ̀tì yín kiri CMS nínú àpò, tí àwọn èèyàn ń béèrè bóyá búrẹ́dì ni.

Ẹ má bínú sí àwòrán ara páálí náà. Ọ̀gá tó gbé e jáde kò rí àwòrán tí ẹ dá yà, ló bá gé àwọn ẹgbẹ́ yín kúrò. Ó gbàgbé ọwọ́ kan. Ọwọ́ náà ṣì wà léjìká yín, tòun ti aago. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀yin nìkan lẹ kọrin.

Ọ̀gá yìí kò wá síbi ìsìnkú yín. Ó wá sílé wa ní Pópó Àgùdà lóṣù tó kọjá, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó pè yín ní ọ̀rẹ́ òun. Màmá fún un lómi. Èmi rẹ́rìn-ín sí i. Irú ẹ̀rín ojú ayé bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́ ní Póli.

Màmá ró ìró tuntun, ó jókòó ti kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì títí wọ́n fi tán. Orin tirẹ̀ ló ń retí, èyí tí ẹ kọ fún un nígbà tí àìsàn ti dá yín dùbúlẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ fún yín. Kò gbọ́ ọ. Ó ní, "Olè ọ̀sán gangan! Orin mi ló gbé jẹ yẹn. Ọlọ́run á bi í." Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣépè fún ọ̀gá yẹn nínú àdúrà òwúrọ̀. Èmi ni mo ń ṣe àmín.

Ọ̀gá yẹn dẹ́ṣẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò dá eléyìí.

Ẹ rántí ike kékeré tí ẹ máa ń ṣẹ́ lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé orin yín lórí? Lẹ́yìn ìsìnkú yín, mo fẹ́ fi àwàdà mi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò, n kò sì ní kásẹ́ẹ̀tì tó ṣófo. Mo rí ọ̀kan tí ẹ ti ṣẹ́ ike rẹ̀. Mo rò pé ìwàásù ni. Mo ká bébà, mo fi dí ihò náà, mo sì gba àwàdà mi lé e lórí. Àwọn ará rédíò dá a padà. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ńkọ́, ǹjẹ́ àwàdà mi kan tiẹ̀ pa yín lẹ́rìn-ín rí?

Àná ni mo tó gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà dópin. Àwàdà mi tán kí orin yín tó tán. Gìtá dún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wúkọ́, ẹ wá bi Màmá bí ẹ ti máa ń bi í lẹ́yìn gbogbo orin: "Sìsí, ṣé ó wọlé?"

Ó wọlé, Bàbá. Èmi ni mo lé e jáde.

Lówùúrọ̀ ọ̀la, kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, màá jẹ́ kí Màmá gbọ́ ìbéèrè yín yẹn nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, màá sì sọ ohun tí mo ṣe. Tí èpè náà bá yí orúkọ padà sí tèmi, màá ṣì ṣe àmín.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó dí ihò náà.