Ìlú Tí O Wọ̀ Láìkí Ẹnikẹ́ni

Ilé Adésànmí,
Òkè Mọ́sálásí,
Ilé-Ogbó.

Nusrat ọmọ mi,

Wọ́n kọ́ wa pé kí á kí ènìyàn tán kí á tó bá a wí, nítorí náà mo kí ọ dáadáa. Mo kí ọ kú òtútù Johannesburg, mo kí ọ kú ìwé kíkà, mo sì bẹ Ọlọ́run kí ó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yunifásítì yín ní Auckland Park. Ìkíni parí síbí. Ara wa le nílé. Ewúrẹ́ Àǹtí Serifat, àbúrò bàbá rẹ, bí ìbejì, ìjì sì ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, ṣùgbọ́n n kò tìtorí ewúrẹ́ tàbí páànù mú bírò.

O mọ̀ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni ó pé ọdún kan tí bàbá rẹ ti fi wá sílẹ̀. O mọ̀, nítorí ìwọ fúnra rẹ ni o sọ pé níwọ̀n ìgbà tí owó ọkọ̀ òfurufú kò sí, o ó bá wa ṣe àdúrà náà lórí fóònù, pé ìwọ ni o ó ka Yásínì fún bàbá rẹ kí Áàfáà Jubril tó fi àdúrà pa á dé. Mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹbí. Mo gbé fóònù lé orí àga tí bàbá rẹ máa ń jókòó sí, mo tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn sì jókòó yí i ká bí ẹni tó ń retí kí àlejò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó dún títí, ó dákẹ́. A tún pè, ó tún dún títí. Áàfáà ní bóyá o wà lórí ìrun, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà náà ni Serifat na fóònù tirẹ̀ sókè, ó ní kí gbogbo ilé wá wo ẹni tó fẹ́ ka Yásínì: ìwọ àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yín, ẹ dé akoto, ẹ ń rẹ́rìn-ín létí ihò ńlá kan nílùú Kimberley. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá inú ihò yẹn ni o ti fẹ́ kà á.

Nígbà tí n óò tún un wò lọ́jọ́ kejì, o ti yọ àwòrán náà kúrò lórí ìkànnì rẹ. N kò mọ̀ pé ọmọ tí ń pa ẹ̀rí rẹ́ ni mo bí. Ṣùgbọ́n ọmọ Pólì Ìbàdàn ni mí, iṣẹ́ akọ̀wé ni mo sì kọ́; mo ti gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ Serifat kí o tó dé ibẹ̀.

Mo ka ìtàn ìlú náà. Wọ́n ní ọwọ́ ni àwọn ará ìgbàanì fi gbẹ́ ihò yẹn níbi tí wọ́n ti ń wá dáyámọ́ǹdì. Ó dára, n kò ní kí ọmọ mi má mọ ìtàn. Àmọ́ mo gbọ́ pé ẹ sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ wò ó. Ihò kan wà níwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa níbí láti ìgbà tí agbaṣẹ́ṣe ti sá lọ. Bí o bá wálé, màá mú ọ lọ wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo pe Ọ̀gbẹ́ni Wàídì, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ tó ń tajà ní Soweto, tí mo fi ọ́ lé lọ́wọ́. Mo béèrè ilé ẹni tí ẹ sùn ní Kimberley, àti ẹni tó mú yín lọ kí àwọn àgbà ìlú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, Ìyá Nusrat, ẹ fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀ jàre, òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sùn, wọ́n kàn lọ gba atẹ́gùn lópin ọ̀sẹ̀ ni, ṣáàpù. N kò mọ ohun tí ṣáàpù jẹ́, ṣùgbọ́n ó fi pa ọ̀rọ̀ tí n kò tíì sọ tán dé.

Ṣé bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Ènìyàn kì í wọ ìlú onílùú, kí ó sùn níbẹ̀, kí ó wo ohun ìní wọn, kí ó sì jáde láìkúnlẹ̀ níwájú àgbà kankan. Nítorí náà, èmi fúnra mi ni mo kọ̀wé bẹ̀bẹ̀. Àdírẹ́sì í-meèlì ọ́fíìsì tí ń bójú tó àlejò wà nísàlẹ̀ pátákó tó wà lẹ́yìn rẹ nínú àwòrán. Mo kí wọn, mo dárúkọ bàbá rẹ, mo tọrọ àforíjì pé ọmọ wa wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Nusrat, n kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí fóònù tí èsì fi dé. Akọ̀wé wọn ní ìwé mi ti tẹ àwọn lọ́wọ́, ó ní àwọn mọ rírì mi. Ta ló ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú? Mo kọ̀wé dúpẹ́. Ó tún fèsì lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni, kò yí ọ̀kan padà. Ẹni tó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Nísàlẹ̀, ó ní kí n má ṣe fèsì mọ́. Ó yé mi. Ọmọ tí a tọ́ kì í fẹ́ kí àgbà ṣe wàhálà nítorí òun. Mo kọ̀wé sí i kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ó ti jí. Mo wá béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá ó ti ní ìyàwó. Kò kù gìrì. Ó rán mi létí pé ọjọ́ iṣẹ́ méje ni àwọn fi ń gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eléré. Bí ó bá kàn sí ọ, fi ìtẹríba dá a lóhùn.

Ìwọ tí mo lóyún rẹ, ọjọ́ méjì gbáko ni o lò kí o tó kọ gbólóhùn kan lédè Gẹ̀ẹ́sì pé o gbàgbé, kí n má bínú, o sì fi àwòrán ọkàn pupa kan tẹ̀ lé e. Mo wo ọkàn náà. N kò bínú. Inú mi tutù bí omi àmù.

Ohun tí o kò mọ̀ ni pé àdúrà bàbá rẹ kò tíì parí. Nígbà tí Áàfáà fẹ́ pa á dé, mo ní kí ó dúró. Ó ní nínú gbogbo kéwú tí òun ké, òun kò rí ibi tí wọ́n ti ń so àdúrà rọ̀. Mo ní ó ti rí i báyìí. Serifat ní ọ̀fọ̀ ti dà mí lórí rú, kí n jẹ́ kí òkú sinmi. Mo ní ọmọ kan ṣoṣo ni òkú náà bí, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá ọmọ rẹ̀ ka Yásínì rẹ̀. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n lọ sílé. Ẹní ṣì wà nílẹ̀ ní pálọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń gbà kọjá bí mo bá ń lọ dáná. Bí bàbá rẹ bá ń dúró, n kò mọ̀. Èmi ń dúró.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, má ṣe bá ẹnikẹ́ni lọ sí ibikíbi, ìbáà ṣe Fourways tí ẹ ti ń wo ọjà tí ẹ kò ní rà. Ṣe àlùwàlá, jókòó sí yàrá rẹ, kí o sì gbé fóònù. Kí ó tó dìgbà náà, fi owó ránṣẹ́, nítorí a kò lè gba Áàfáà lálejò lẹ́ẹ̀kejì láìpa adìẹ, ti àkọ́kọ́ sì ti wọ ikùn àwọn tó rò pé àdúrà ti parí. Ẹni tó rówó wo ihò yóò rówó ra adìẹ. Fi owó dátà kún un, mo ṣì ní ìwé láti kọ sí Kimberley.

Ó ku àdúrà. Mo gbàdúrà fún awakọ̀ tó gbé yín lọ tó sì gbé yín bọ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí oorun kùn ún lójú ọ̀nà láéláé. Mo gbàdúrà fún táyà ọkọ̀ náà àti bíréèkì rẹ̀. Mo gbàdúrà fún gbogbo ọmọ tó jókòó sínú rẹ̀, kí ìyá wọn má fi ojú sunkún wọn. N kò dárúkọ rẹ, nítorí inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan náà ni gbogbo yín wọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Muslimat Adésànmí