Ríìmù Wo Ni Kí N Mú?

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdí táyà o. Ara mi le koko, iṣẹ́ ń lọ, ilé náà dára. Ọ̀rọ̀ ríìmù ló dà mí lórí rú. Ẹ̀yin tí ẹ fi táyà lílẹ̀ tọ́ wa, ẹ gbà mí.

Mo fẹ́ ra ríìmù tó fúyẹ́ sí ọkọ̀ kékeré mi yìí, kí epo lè máa pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tà á fi ìka kan gbé ọ̀kan sókè. Ó ní táyà tóóró ló bá a mu, ọkọ̀ á máa fò bí ẹyẹ. Ẹnìkejì rẹ̀ ní irọ́ ni, táyà fífẹ̀ ló ń di ilẹ̀ mú nínú òjò. Èmi kàn ń wo ẹnu wọn.

Ẹni tó ń tà á wá ṣí bùùtù ọkọ̀ mi láti wo táyà karùn-ún, ló bá rí ìkòkò, àpótí àti fóòmù tí mo ká. Ó ní: "Ọ̀gá, ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù yìí sílé ná." Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní màá kó o.

Bàbá, èwo ni kí n mú fún ọkọ̀ tó ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rìn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ti ẹrù. Ti ríìmù nìkan ni kí ẹ sọ.

Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ ní aṣọ ìbora tí wọ́n fi ránṣẹ́ fẹ̀ gan-an ni. Mo fi bora, ó tún kù tí mo fi bo gíláàsì iwájú ọkọ̀.