Ìyá Ẹ-Rọra, Ẹni Tó Fi Orúkọ Ara Rẹ̀ Yá Ìwé fún Ẹlòmíràn

Ọdún 1953 ni a bí olóògbé, nínú ilé oníyàrá méjì kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ rélùwéè. Bàbá wọn ń tún bàtà ṣe, ìyá wọn ń ránṣọ. Àwọn ni àkọ́bí, àwọn ló sì pọn gbogbo àbúrò wọn. Ìdílé náà kì í fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tiwọn. Bí oníbàtà kò bá wá gba bàtà rẹ̀ fún ọdún kan gbáko, bàbá wọn á ṣì máa nu eruku rẹ̀.

Wọ́n jáde girama ní 1972, wọ́n kọ́ iṣẹ́ ilé-ìkàwé, kọ́lẹ́ẹ̀jì sì gbà wọ́n síṣẹ́ ní 1975. Bí ẹnikẹ́ni bá wọ́ àga nílẹ̀ tàbí tó ṣí ìwé bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Ẹ rọra, kò ṣe yín ní nǹkan kan." Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ wọ́n ní Ìyá Ẹ-Rọra. Ní 1978, wọ́n fẹ́ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bá wí gidigidi nítorí ìwé tó dá padà lẹ́yìn àkókò.

Ní 1998, kọ̀ǹpútà dé sí ilé-ìkàwé. Títí di ìgbà náà, orí páálí kéékèèké inú dúrọ́ọ̀ ni wọ́n ń kọ ohun tó jẹ mọ́ ìwé kọ̀ọ̀kan sí. Màmá fúnra wọn tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, títí ojú wọn fi gba awò. Ẹ̀rọ yìí kò jẹ́ kí ìwé jáde àfi lórí nọ́mbà ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ tó sì ya fọ́tò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe é. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kọ̀. Olùkọ́ ìṣirò kan dúró níwájú tábìlì Màmá, ó ní, "Èmi tí mo ti wà níbí kí wọ́n tó rẹ́ ilé yìí, kí n wá máa tò fún fọ́tò bí ọmọ tuntun? Ìyá Ẹ-Rọra, ẹ fún mi níwèé mi jàre, kíláàsì ń dúró."

Màmá ro ti àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì. Wọ́n tẹ nọ́mbà tiwọn, wọ́n ní, "Ẹ máa mú un lọ, ọ̀gá." Àwọn yòókù gbọ́, ó sì di àṣà. Ìwé tí olùkọ́ bá dá padà kúrò lórí nọ́mbà Màmá. Èyí tí wọn kò dá padà dúró síbẹ̀.

Nínú ìjọ, wọn kò gba oyè kankan. Wọ́n ń lẹ ìwé orin tó bá ya, wọ́n sì ń kọ́ àwọn àgbàlagbà àdúgbò ní ìwé kíkà lọ́jọ́ Sátidé.

Ní 2013, wọ́n fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá tuntun ilé-ìkàwé, tó ti kó ohun gbogbo sínú ẹ̀rọ tuntun, yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn. Ìwé lóríṣiríṣi tó ṣì wà lórí nọ́mbà Màmá kún ojú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ̀rọ kì í purọ́." Nígbà tí wọ́n pe olùkọ́ ìṣirò yẹn wá jẹ́rìí níwájú ìpàdé, tó ti di igbákejì ọ̀gá àgbà, ó ní, "Èmi kẹ̀? Ẹ wò ó bóyá mo ní nọ́mbà níbẹ̀." Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Wọn kò fún Màmá ní ìwé ẹ̀rí pé ọwọ́ wọn mọ́. Wọ́n lẹ orúkọ Màmá mọ́ ilẹ̀kùn ilé-ìkàwé, lókè pátápátá nínú orúkọ àwọn tó jẹ ìwé, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kó ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì sílé.

Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń gbé báàgì láti ilé olùkọ́ dé ilé olùkọ́, kí wọ́n lè gba àwọn ìwé náà padà. Àwọn kan wá ìwé náà rí. Àwọn kan ti kú. Ìyàwó olùkọ́ kan fa ìwé yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ibùsùn, ó ní, "Ṣé torí èyí náà lẹ ṣe ń làágùn?" Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò dúró títí ẹsẹ̀ wọn fi wú tí wọn kò lè wọ bàtà mọ́. Ẹbí kò sọ pé èyí ló pa wọ́n. Ẹbí ń sọ pé orúkọ wọn ṣì wà lára ilẹ̀kùn náà lọ́jọ́ tí wọ́n kú, àti pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ti fi òdòdó ránṣẹ́, tí wọ́n kọ "Òṣìṣẹ́ Olóòótọ́" sí lára.

Wọ́n fi ọkọ sílẹ̀ sáyé, àti ọmọ mẹ́ta: nọ́ọ̀sì, awakọ̀ àti tísà, ọmọọmọ márùn-ún, àti àwọn àbúrò.

Ẹbí kò fẹ́ òdòdó mọ́. Tábìlì kan wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ìwé tó ní òǹtẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì bá wà nílé yín, ẹ gbé e wá síbẹ̀, lónìí tàbí lọ́la. Ẹnikẹ́ni kò ní bi yín ní ohunkóhun. Ẹbí yóò kó wọn lọ, yóò sì dúró níwájú ẹ̀rọ náà títí wọn yóò fi já orúkọ yẹn kúrò lára ilẹ̀kùn.

Màmá, ẹ sinmi. Ẹ má dìde mọ́. Àwa la máa rin èyí tó kù.