Ẹ̀tù Tí Mo Sá Sóòrùn

Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù Kejì, 1984

Iná ìgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ oko kòkó mi lónìí. Mo yin ṣakabùlà bàbá mi sókè lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ará abà sì sáré dé pẹ̀lú ewé tútù. A lu iná náà pa.

Làmídì tí oko wa jọ pààlà ló kọ́kọ́ dé. Òun náà ló rí mi níjọ́sí tí mo sá ẹ̀tù ìbọn sóòrùn, tó ní, “Bàbá, ogun wo lẹ ń retí?” Gbogbo abà ló fi mí rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí púpọ̀.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ, ó súnmọ́ mi. “Bàbá, ẹ bù mí ní ẹ̀tù díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ o.”

Mo bù ú fún un. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Inú ìwé yìí nìkan ni mo kọ ọ́ sí.