Sájẹ́ńtì Jóṣúà Olówòkéré, Ẹni Tí Kò Di Nǹkan Kan Mú (1956–2025)

Ọmọ Araromi létí òkun ni Bàbá wa, Sájẹ́ńtì Jóṣúà Olówòkéré. Ọdún 1956 ni a bí wọn fún Jákọ́bù Olówòkéré, apẹja, àti Màmá Ẹ́sítà tí ó ń yan ẹja tà. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n lọ ti wà nínú òkun báyìí.

Ní 1977, wọ́n wọ iṣẹ́ ṣọ́jà. Ní 1983, wọ́n gbé Dùnníolúwa, ọmọ Ode Ugbo, níyàwó. Olúwa sì fi Pius àti Rúùtù ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní 1988, ọkọ̀ dà lórí omi nígbà tí Dùnníolúwa àti Pius ń ti ọjà bọ̀. Àwọn méjèèjì bá ìjàǹbá náà lọ. Bárékè ni Bàbá wà. Kí wọ́n tó dé, a ti sin òkú méjèèjì ní Araromi. Wọn kò sunkún. Wọ́n fa Rúùtù, tí ìyá rẹ̀ fi sílé lọ́jọ́ náà, lé àbúrò wọn, Màmá Ọlábọ̀dé, lọ́wọ́, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan kò ti kúrò lẹ́nu wọn: ẹni tí kò di nǹkan mú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò já gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe àṣà láti sọ àìdáa òkú, ṣùgbọ́n Bàbá kórìíra irọ́. Nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti lọ jagun, Bàbá fúnra wọn ló pàṣẹ pé kí a dáná sun gbogbo ọkọ̀ abúlé apẹja kan. Nígbà tí ọta ìbọn ba Kọ́lájọ, ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n kó àwọn ṣọ́jà yòókù lọ. Ó dùn wá pé a kò gbọ́ kí wọ́n kábàámọ̀ rẹ̀ rí.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2005, wọ́n sì ń dá gbé ní Araromi. Ṣọ́ọ̀ṣì kò rí wọn, àfi ọjọ́ ìkórè. Rúùtù a máa gbé oúnjẹ lọ lọ́dún Kérésì. Wọ́n á gbà á lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò ní ní kó wọlé.

Nígbà tí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ itẹ́ òkú wa, olúkúlùkù ń hú egungun èèyàn rẹ̀, ó ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sókè ilẹ̀. A bẹ Bàbá títí nítorí ìyàwó àti ọmọ wọn. Wọ́n ní òkú kì í mọ ibi tó sùn sí. Ní 2019, omi kó gbogbo rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni a wá ń rí wọn létíkun láràárọ̀, tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tú yanrìn. Bí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní pákó ni àwọn ń ṣà.

Lọ́dún yìí, àìsàn dé, Rúùtù sì gbé wọn wá sí ilé rẹ̀ ní Mahintedo. Ibẹ̀ ni Bàbá ti sunkún lójú wa. Wọ́n ní, "Rúùtù, bí omi bá dé ibi tí ẹ sin mí sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀ níbẹ̀."

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Rúùtù, ọmọ wọn. Ọpẹ́mipọ̀, Godspower àti Òkìkí, ọmọ-ọmọ wọn. Àti Màmá Ọlábọ̀dé, àbúrò wọn.

Ẹ sùn re o, Bàbá. Kí Olúwa fojú àánú wò yín. Bí omi bá dé, a óò wá gbé yín.